Ẹ Fún Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Yín Ní Àdírẹ́sì Tirẹ̀

Àwọn tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ará wa tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ni ọ̀rọ̀ òní bá wí jù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá rí, tó ń retí kí ìwé rẹ̀ wọlé sórí ímeèlì, lè bá wa jókòó.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń gbé wá bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe: "Ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀wé dáadáa, ó ń ṣe fọtokọ́pì, àmọ́ tá a bá ní kó fi ìwé ránṣẹ́ sórí ímeèlì, kò ní ṣe é." Oníṣẹ́ á dé, á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, ìwé á lọ, á gbowó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, tí NEPA ti mú iná lọ tí wọ́n sì ti dá a padà, ẹ̀rọ á tún padà sí ìwà àná. Èmi kì í dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ohun àyálò ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ráútà ló yá a. Ímeèlì tó fi ń ránṣẹ́, ti akọ̀wé tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Lọ́jọ́ tí olóhun bá mú ohun rẹ̀, iṣẹ́ á dúró.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ kì í ṣe kékeré orí tábìlì tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Ẹ̀rọ tó ga tó àyà ènìyàn ni, Ricoh, Canon, Sharp, Konica Minolta, Xerox àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe ẹ̀dà, tó sì lè síkáànù ìwé kó fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà nítòsí. Púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà wa, tòkunbọ̀ ni. Wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan lókè òkun kó tó bọ́ sínú kọ̀ǹténà, ètò ọ́fíìsì yẹn sì lè wà nínú rẹ̀ títí di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí wáyà bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ náà mọ́ ráútà. Ẹ̀rọ tó wúwo tó báyìí kì í rìn kiri. Kí ló fẹ́ fi Wi-Fi ṣe? Ẹ ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Tí iná yẹn kò bá tàn, ẹ má tíì fọwọ́ kan ohunkóhun lójú ẹ̀rọ, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. MiFi tá a ń gbé sápò, ọ̀pọ̀ wọn kò ní ihò wáyà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá ṣòwò, kó ra ráútà tó ń gba síìmù, tó sì ní ihò wáyà lẹ́yìn.

Ó kan àdírẹ́sì. Ẹ fojú àdúgbò wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù yín. Gbogbo ohun tó ń gbé ibẹ̀, kọ̀ǹpútà, fóònù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ló gbọ́dọ̀ ní ojúlé. Ojúlé yìí ni ẹ̀rọ ń pè ní IP Address: nọ́ńbà mẹ́rin tí dọ́ọ̀tì wà láàárín wọn, tí ìkankan nínú wọn kò lè ju 255 lọ. Èyí tí ẹ ó máa bá pàdé jù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168. Láti ọdún 1996 làwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì ti ya nọ́ńbà wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún inú ilé àti inú ọ́fíìsì, pẹ̀lú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àtàwọn tó lọ láti 172.16 dé 172.31. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn àti òmíràn ní Kútọnu fi lè jọ máa lo 192.168.1.20 láìdí ara wọn lọ́wọ́.

Nínú irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́ orúkọ àdúgbò, èyí tó kẹ́yìn ni ojúlé. Ohun tó ń sọ ibi tí orúkọ àdúgbò parí sí fún ẹ̀rọ ni Subnet Mask, 255.255.255.0 lẹ ó sì máa rí níbẹ̀. Default Gateway ni ẹnubodè, ìyẹn ráútà fúnra rẹ̀, ibi tí gbogbo ohun tó bá ń lọ sí ìta gbọ́dọ̀ gbà kọjá. DNS ni ẹni tí ẹ̀rọ ń bi pé, "smtp.gmail.com yìí, nọ́ńbà wo ló ń gbé?"

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, inú àdúgbò kan náà làwọn méjèèjì wà. Wọn kò nílò ẹnubodè, wọn kò sì nílò DNS. Ímeèlì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá ń tẹ̀wé tí kò sì lè fi ímeèlì ránṣẹ́, ẹ má tíì bú Google, ẹ má tíì yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ lọ wo Default Gateway àti DNS. Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ ó bá 0.0.0.0 níbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ bá ẹnubodè ọ́fíìsì ìlú òyìnbó tí ẹ̀rọ ti wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó tọ́? Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows tó wà lórí ráútà kan náà, kẹ́ ẹ tẹ cmd sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ tẹ ipconfig, kẹ́ ẹ sì tẹ Enter. Ó máa kọ IPv4 Address, Subnet Mask àti Default Gateway síta. Ẹ dà wọ́n kọ sínú ìwé. Subnet Mask àti Gateway ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ǹpútà mu wẹ́kú. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú IP Address gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú. Ìkẹ́yìn nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Fún DNS, ẹ lè lo nọ́ńbà ráútà, tàbí kẹ́ ẹ lo 8.8.8.8, tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún 2009.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pààrọ̀ ráútà nígbà tí dátà kan bá wọ́n ju èkejì lọ, ẹ ṣọ́ra. Púpọ̀ nínú ráútà Huawei tó ń gba síìmù ló ń lo 192.168.8.1, ọ̀pọ̀ TP-Link sì wà lórí 192.168.0.1. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan tẹ́ ẹ fi èkejì sí i, orúkọ àdúgbò ti yí padà nìyẹn. Àwọn fóònù á bá a lọ láì sọ fún yín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ́ ẹ ti kan àdírẹ́sì mọ́ lára á dá dúró sí àdúgbò tí kò sí mọ́.

Ta ló wá ń pín àdírẹ́sì? Ráútà ni, nípasẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ DHCP. Ẹni tó bá wọlé, á fún un ní ojúlé tó bá ṣófo, fún ìgbà díẹ̀. Èyí dára fún fóònù oníbàárà tó wọlé tó tún jáde. Fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wàhálà ni. Ẹ̀rọ wà ní ojúlé 5 láàárọ̀, kọ̀ǹpútà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, iná tún dé. Nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ráútà fún fóònù ẹnì kan ní ojúlé 5, ó sì fi ẹ̀rọ sí 9. Kọ̀ǹpútà ń kanlẹ̀kùn 5, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá kọ ọ́ síta pé Offline. Oníṣọ́ọ̀bù á gbé dẹ́ráífà kúrò, á tún gbé e padà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kàn kó lọ sí ojúlé kejì ni.

Ọ̀nà méjì ló wà láti wo èyí sàn. Ẹ lè kọ àdírẹ́sì tó dúró gbọin-in sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wọ inú ráútà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ojúlé báyìí ti ní onílé. Inú ráútà, Address Reservation ló sábà máa ń jẹ́. Ó máa béèrè MAC Address ẹ̀rọ, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n ti kọ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ó rí i lórí ìwé ètò tí ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ jáde. Ọ̀nà kejì yìí lèmi fara mọ́, nítorí tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ráútà, ẹ̀rọ á ṣì rí àdírẹ́sì tuntun gbà, ímeèlì á ṣì máa lọ, kọ̀ǹpútà nìkan lẹ máa júwe ọ̀nà fún. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ráútà, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Ẹ rí i pé nọ́ńbà náà kò sí lára èyí tí ráútà ń pín, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ tẹ ping pẹ̀lú nọ́ńbà náà sínú cmd lórí kọ̀ǹpútà. Tí nǹkan bá dáhùn, ilé onílé nìyẹn, ẹ wá òmíràn.

Àmì kan ṣì wà kí n tó kúrò níbẹ̀: tí ẹ̀rọ bá ń gbé 169.254 káàkiri, àdírẹ́sì tó fún ara rẹ̀ ni. Ó wá ráútà títí, kò rí i. Ẹ padà sídìí wáyà.

Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀, ká tó bọ́ sórí ímeèlì.

Ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà kúrò nínú ẹ̀rọ ni SMTP, ìlànà tí Jon Postel kọ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1982. Láyé ìgbà yẹn, sáfà ímeèlì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín lẹ́tà, a máa gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, kò ní béèrè orúkọ. Pọ́ọ̀tì 25 ni ìlẹ̀kùn náà. Àwọn tó ń da lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè sí ojú ọ̀nà ló ba ọ̀ràn yẹn jẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti dí pọ́ọ̀tì 25 mọ́ àwọn oníbàárà wọn, síbẹ̀ òun gan-an lẹ ó bá nínú ètò ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Pọ́ọ̀tì 587 ni kẹ́ ẹ kọ sí i, kẹ́ ẹ sì tan STARTTLS. Tàbí 465, kẹ́ ẹ sì tan SSL. Àwọn méjèèjì ló ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti sáfà di bòókẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi 587 pọ̀ mọ́ SSL tààrà, ẹ̀rọ á kàn máa yí, á sì ní òun kò rí sáfà.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ má fi ìka tẹ gbogbo èyí sí ojú ẹ̀rọ kékeré yẹn, ẹ ó ṣì í tẹ̀. Ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kọ IP Address ẹ̀rọ ìtẹ̀wé síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ojúlé wẹ́ẹ̀bù sí. Ojú ìwé ètò ẹ̀rọ á ṣí. Ricoh ń pe tirẹ̀ ní Web Image Monitor, Canon ní Remote UI. Ibẹ̀ lẹ ti máa fi kíbọọ̀dù gidi kọ gbogbo rẹ̀.

Tó bá jẹ́ Gmail lẹ ń lò, SMTP Server ni smtp.gmail.com, orúkọ aṣàmúlò ni àdírẹ́sì ímeèlì náà lódindi, kì í ṣe ìdajì. Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sunkún nìyí. Láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2022, Google kò gbà kí ẹ̀rọ fi páásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń ka ímeèlì wọlé sórí Gmail ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ dáadáa lánàá dákẹ́, àwọn oníṣẹ́ sì jẹ owó ọ̀fẹ́ lọ́dún yẹn. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ wọ inú àkáǹtì Google náà, kẹ́ ẹ tan 2-Step Verification, kẹ́ ẹ wá béèrè App Password. Á fún yín ní lẹ́tà 16. Òun ni kẹ́ ẹ kọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí Yahoo, App Password lẹ̀yin náà máa lò, smtp.mail.yahoo.com sì ni sáfà yín. Outlook àti Hotmail ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi í da ara yín láàmú. Microsoft ti dí ọ̀nà páásíwọ́ọ̀dù lásán láti ọdún 2024, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò sì mọ ọ̀nà tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ímeèlì ti ara yín, ẹ má sì lo ti akọ̀wé. Ẹ ṣí òmíràn tó jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan, kí nọ́ńbà fóònù tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga. Bí akọ̀wé bá lọ, tó sì yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, kò ṣẹ̀ yín, ohun rẹ̀ ló mú. Bákan náà, ìwé tí ẹ̀rọ bá fi ránṣẹ́ máa ń ṣẹ́kù sínú Sent ẹni tó ni ímeèlì náà: ìwé ilẹ̀ oníbàárà, ìwé ìdánwò, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó lè kà wọ́n. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè From tàbí Administrator Email, àdírẹ́sì kan náà ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Àwọn sáfà kan á lé lẹ́tà padà tí orúkọ ẹni tó wọlé kò bá bá orúkọ ẹni tó ní òun ń ránṣẹ́ mu. Gmail ọ̀fẹ́ kò sì ní gbà kí ẹ ránṣẹ́ sí ju ènìyàn 500 lọ lójúmọ́, ó tó fún ṣọ́ọ̀bù, kò tó fún fásitì.

Ẹ ti ṣe gbogbo èyí, ó ṣì kọ̀? Ẹ wo aago ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ bá sáfà sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, sáfà á kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀rí hàn án, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀rọ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, tí iná sì ń lọ mọ́ ọn lórí, lè gbà gbọ́ pé ọdún 2008 la ṣì wà. Lójú tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì máa kọ̀ ọ́. Ẹ fi aago Nàìjíríà sí UTC+1, kẹ́ ẹ sì kọ pool.ntp.org síbi tó ń béèrè NTP Server, kó lè máa bi íntánẹ́ẹ̀tì léèrè àkókò fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ orí ẹ̀rọ pẹ̀lú lè dí ímeèlì lọ́wọ́. Èdè bòókẹ́lẹ́ yìí, TLS lorúkọ rẹ̀. Oríṣi àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1999, TLS 1.2 jáde lọ́dún 2008. Nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má lo 1.0 àti 1.1 mọ́. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ 1.0 nìkan ló gbọ́, òun àti sáfà òde òní kò lè gbọ́ ara wọn yé, bó ti wù kẹ́ ẹ tún ètò ṣe tó. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé, ṣé ó ń lo TLS 1.2? Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ni o. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ wò ó bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní fámúwià tuntun, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, fún un. Tí kò bá sí, ẹ máa síkáànù sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ máa fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́. Kò dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ á lọ.

Nígbà míì, ìwé olójú ewé kan á lọ, ti ogún ojú ewé kò ní lọ. Títóbi ló fà á. Ojú ewé A4 kan ní àwọ̀, tẹ́ ẹ bá síkáànù rẹ̀ ní 300 dpi, jẹ́ àmì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní gígùn; kí ẹ̀rọ tó fún un pọ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù báìtì 26. Gmail kò gbà ju 25 MB lọ, ìmúra tí wọ́n ń ṣe fún fáìlì kó tó bá ímeèlì rìn sì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, nítorí náà fáìlì tó bá ti ju 18 MB lọ ti wà nínú ewu. Ìwé lẹ́tà lásán kò nílò àwọ̀. Ẹ fi sí dúdú àti funfun, 200 dpi, PDF. Fọ́tò àti ìwé ilẹ̀ tó ní àmì àwọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fún ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààbò, mi ò sì ní fi falẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ yí i padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan ṣí ẹ̀rọ yín sílẹ̀ sí ìta ráútà nítorí pé ó fẹ́ máa tún un ṣe láti ilé rẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan náà jáde, tó ń rọ àwọn ènìyàn láti ti PewDiePie, ẹnì kan tó ń gbé fídíò sórí YouTube, lẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é sọ pé ẹ̀rọ 50,000 lòun dé ọ̀dọ̀ wọn. Pọ́ọ̀tì 9100, tí kọ̀ǹpútà fi ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, ẹlòmíràn lè má bá ti ẹ̀fẹ̀ wá.

Hádídísíìkì tún wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀dà ìwé lè ṣẹ́kù sí. Lọ́dún 2010, àwọn oníròyìn CBS ní Amẹ́ríkà ra àwọn ẹ̀rọ fọtokọ́pì àlòkù, wọ́n sì bá ìwé ìlera àwọn ènìyàn nínú ọ̀kan tí Affinity Health Plan, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ní New York, ti lò. Ìsọfúnni nípa ènìyàn tó tó 344,579 ni ọ̀ràn náà kàn, ilé iṣẹ́ yẹn sì san dọ́là 1,215,780 fún ìjọba lọ́dún 2013. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ta ẹ̀rọ yín tàbí kẹ́ ẹ tó fi pààrọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Erase All Memory tàbí Initialize sí, kẹ́ ẹ pa ìwé àdírẹ́sì, ètò ímeèlì àti hádídísíìkì rẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti ta á kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wọ inú àkáǹtì Google láti orí fóònù yín, kẹ́ ẹ pa App Password tẹ́ ẹ fún un rẹ́. Kò ní lè fi orúkọ yín ránṣẹ́ mọ́, ibikíbi tó wù kó wà, ẹ kò sì ní láti wá ẹni tó rà á lọ.